Nígbà Tí A Bá Kúrò Lábẹ́ Ọ̀gá Tí Ń Fojú Ẹni Gbolẹ̀



Àwọn kan nínú wa tí wọ́n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ nítorí èébú àti ìnira ń wá sí ọ́fíìsì wa. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè: kí a kó gbogbo owó àjẹṣẹ́kù wọn fún wọn, kí a tún yá wọn sí i, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, torí ó ti ṣe èmi náà rí.

Kí n tó di akọ̀wé yín, mo fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í pe orúkọ mi. "Olódo" ló ń pè mí lójú àwọn oníbàárà. Ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, mo rò pé ó tán. Kò tán o! Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lójijì, àyà mi á já. Ní ìdájí, màá jí, màá máa ṣírò owó tí kò sí níbì kankan mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ara tó ti ń múra de èébú lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé èébú ti dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàhálà iṣẹ́ tí kò dẹwọ́ lè tán ènìyàn lókun, kí iṣẹ́ sì sú u. Wọn kò pè é ní àìsàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kí ó pa ara rẹ̀, kí ó tètè lọ rí dókítà.

Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Mo ra ìrẹsì àpò mẹ́wàá. Màmá kan ní ó ti wọ́n jù, wọ́n sì ń nájà bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ohùn ọ̀gá mi ni mo gbọ́ nínú ohùn wọn, ni mo bá jágbe mọ́ wọn. Wọn kò yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Àdánù ni mo fi ta àpò méje.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ló ní kí n wá máa jókòó ti òun, kí n máa kọ iye àpò tó jáde. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣìṣe, "Jẹ́ ká tún un kà" ni wọ́n máa ń sọ. Ní oṣù kẹrin ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń sùn dilẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má kánjú yá owó ńlá. Ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ lówó, kí ó tètè sọ fún wa, torí ibi iṣẹ́ kò ní yọ owó náà ránṣẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ onídùúró la ó sì lọ. Ẹni tó ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, tí kò tíì pé 50 ọdún, òfin 2014 gbà á láyè láti gba ìdá 25 nínú 100 bí kò bá ríṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù 4.

Mo máa ń wà ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́, kí ó dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù.