Olùṣọ́ inú Ara àti Jẹjẹrẹ Ojú Ọmọdé

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí ẹ bá rí i pé ohun funfun kan ń dán nínú dúdú ẹyinjú ọmọ yín, bí ojú ológbò níwájú iná fìtílà, ẹ má ṣe fi ojú fò ó. Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ojú, èyí tí ó máa ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 jùlọ. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ara wa kún fún sẹ́ẹ̀lì, ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀kan a pín sí méjì, méjì a di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń dàgbà. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ìlànà tí a jogún wà, tí a ń pè ní jíìnì. Àwọn kan nínú wọn a máa sùn títí a ó fi jí wọn.

Jíìnì kan tí a ń pè ní RB ni olùṣọ́. Ẹ ronú nípa agogo ilé ìsìn. Ohun kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, E2F ni orúkọ rẹ̀, tí ó dàbí ẹni tí ń lu agogo: bí ó bá lù ú, àwọn jíìnì tí ń mú sẹ́ẹ̀lì pín a jí. Èròjà tí RB ń pèsè a di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àkókò yóò fi tó. Nígbà náà ni yóò tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

RB méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ojú kan, agogo kò ní olùdádúró mọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà lè máa pín láìsinmi, kókó a sì yọ. Ní ọdún 1971 ni oníṣègùn Alfred Knudson, ará Amẹ́ríkà, ti fi òye gbé e kalẹ̀ pé ìbàjẹ́ méjì ni ó ń fa àrùn yìí. Ní ọdún 1986 ni ọwọ́ àwọn onímọ̀ tó tẹ jíìnì náà. Ọmọ tí ó jogún ọ̀kan tí ó ti bàjẹ́ kò ní ju olùṣọ́ kan lọ. Nítorí náà ni àrùn náà fi máa ń mú irú wọn ní kékeré, àti ní ojú méjèèjì nígbà púpọ̀.

Kì í ṣe ọwọ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Ẹ má ṣe kán oje ewé sí i. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara, kí ẹ sì jẹ́ kí a yẹ ojú àwọn àbúrò rẹ̀ wò. Bí a bá tètè rí i, a lè gba ẹ̀mí ọmọ là, àti ojú rẹ̀ pẹ̀lú nígbà púpọ̀. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.