Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Gbé Téèpù Dání Lóru

Níbi ìkómọjáde kan ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ti da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ lọ ka ìwé ìwádìí tí ọkùnrin kọ, kí ẹ ka ti obìnrin. Ti ọkùnrin ló pọ̀ jù." Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ṣe ṣìọ̀, àmọ́ Bàbá ò purọ́. Láti 1984 tí Jonathan Cole àti Harriet Zuckerman ti pè é ní àdììtú ní Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan ní ọmọ bíbí ló fà á. Àwọn kan ní obìnrin ò fẹ́ràn ìwádìí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nancy Hopkins ti MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àyè iṣẹ́ ló ká òun lára, téèpù ìwọnlẹ̀ ló sì gbé. Ó fẹ́ máa ṣèwádìí lára ẹja wẹ́wẹ́ abìlà kan, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀ sí i tó lè to táǹkì ẹja sí. Wọn ò dá a lóhùn. Bílẹ̀ bá ti ṣú, táwọn èèyàn ti relé, a bọ́ láti yàrá ìwádìí kan sí òmíràn, a máa wọn ilẹ̀, a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló rí? Àwọn ọkùnrin tí ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá láyè jù ú lọ! Ó kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, ó fi han obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Ìyẹn lóun náà á fọwọ́ sí i. Ní 1994, obìnrin 15 péré ni iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ lẹ́ka sáyẹ́ǹsì MIT. Ọkùnrin jẹ́ 194. Nígbà tó di 1999, ìròyìn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà jáde, Charles Vest tó jẹ́ ọ̀gá àgbà MIT sì gbà pé ìrẹ́jẹ náà kì í ṣe àlá.

Ní 2020, àwọn olùwádìí kan yẹ iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní mílíọ̀nù kan wò ní orílẹ̀-èdè 83. Lọ́dún kan sí èkejì, iye ìwé ìwádìí tí obìnrin ń kọ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tọkùnrin. Obìnrin ló ń tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo náà ti wá.

Ta ló tilẹ̀ kọ́ wa láti máa ka ìwé ìwádìí bí ẹni ka iṣu? Nígbà kan, ohun tó o rí ni wọ́n á bi ọ́. Nísinsìnyí, iye tó o tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣèwọ̀n ìgbéga. Bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé ìdúpẹ́ nínú àwọn ìwé ìwádìí àtijọ́, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó tó bá wọn fi taipíráítà tẹ iṣẹ́ náà, nígbà míì láìdárúkọ rẹ̀. Ìyàwó yẹn á ti tún èdè ṣe, á ti bá wọn ṣírò pàápàá. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀.