Agbárí Ihò Eléérú: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ìtàn Lára Egungun

Tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ṣọ́bìrì wá kan egungun àtijọ́, ó rọrùn kí wọ́n dà á nù mọ́ erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n agbárí kan ṣoṣo péré ló mú kí àwọn onímọ̀ tún ìtàn àwọn ará ìgbàanì nílẹ̀ wa rò.

Ọdún 1965 ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìṣàrun, lágbègbè Àkúrẹ́. Agbárí náà gùn, òkè rẹ̀ sì rẹlẹ̀, kò rí roboto bíi tiwa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi agbárí wéra? Ẹni tó ń rán fìlà á fi téèpù wọn orí yíká, ó parí. Ṣùgbọ́n orí méjì lè gba fìlà kan náà, kí ìrísí wọn má sì bára mu. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń sàmì sí ojú kan náà lára agbárí kọ̀ọ̀kan: ibi tí egungun orí ti so pọ̀, òkè ojú, ìpàkọ́. Wọ́n á kó ipò àwọn àmì yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á mú ọ̀rọ̀ títóbi àti kíkéré kúrò, á gbé wọn lé ara wọn, ìrísí nìkan ló máa kù.

Lọ́dún 2011, Katerina Harvati láti Jámánì, Chris Stringer láti London, Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn mìíràn gbé àbájáde tiwọn jáde. Ọjọ́ orí agbárí náà wà láàárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Nígbà yẹn, irú èèyàn bíi tiwa ti tàn káàkiri ayé. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ti agbárí Ngaloba ní Tanzania, tó fi nǹkan bí 100,000 ọdún ṣáájú rẹ̀.

Ìyẹn ni pé ìrísí àtijọ́ kò parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní Áfíríkà. Ó ṣeé ṣe kí oríṣiríṣi èèyàn ti jọ gbé, kí wọ́n sì ti bímọ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan ò tó dájọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ igbó tó máa ń tutù kì í jẹ́ kí egungun pẹ́ níhà ọ̀dọ̀ wa.

Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù sílẹ̀ ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Mùsíọ̀mù wọn sì wà ní Oníkan, kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Egungun tó bá ti bá erùpẹ̀ lọ, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kà á mọ́.