Gba Oúnjẹ Lọ́wọ́ Eku Kó O Tó Dẹ Tàkúté

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Shehuri ní Maiduguri, bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí eku ń sáré lórí àjà lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ májèlé ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ẹ ní sùúrù ná. Iṣẹ́ yìí ní bó ṣe ń tẹ̀ léra, májèlé ló sì gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lọ́dún 1969, ìlú Lassa, ní gúúsù Borno yín níbẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà kan mọ̀, orúkọ ìlú náà ló sì ń jẹ́ títí dòní: ibà Lassa. Eku tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé e kiri. Ẹ jẹ́ ká pè é ní eku ọlọ́mú-púpọ̀, torí ọmú abo rẹ̀ pọ̀ gan-an. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni àrùn náà ń bá jáde. Kò rọrùn láti fojú lásán yà á sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún gbogbo eku ilé.

Oúnjẹ ló ń fa eku wọlé, ẹ kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ da ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti gàrí sínú ike líle tó ní ọmọrí tó dé dáadáa. Eku ń já àpò. Ẹ má jẹ́ kí ọkà tẹ́ ẹ ń sá sùn síta. Ẹ fọ abọ́ kẹ́ ẹ tó sùn.

Ihò ló kàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ojú páìpù àti ibi tí páànù ti pàdé ògiri wò. Ẹ má fi àkísà dí ihò, eku á ge é. Ẹ ki kànìnkànìn onírin sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ilé alámọ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò.

Èyí tó ṣẹ́ kù sínú ilé lẹ máa wá dẹ tàkúté fún. Eku tó yó kì í wo ìjẹ. Èyí tí ebi ń pa ló ń sún mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ sínú tàkúté náà. Etí ògiri ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí ibẹ̀ ni eku ń gbà. Ó máa ń fura sí ohun tuntun, nítorí náà ẹ má kánjú gbé e kúrò.

Bẹ́ ẹ bá máa lo májèlé, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó pa á, eku sì lè kú sórí àjà, kó máa rùn. Ẹ gbé májèlé náà síbi tọ́wọ́ ọmọdé, ológbò àti adìyẹ kò ní tó.

Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, torí eruku rẹ̀ lè bá èémí wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ́n omi tẹ́ ẹ po bílíìṣì mọ́ sí i, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tó nù ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe fún òkú eku, kẹ́ ẹ wá dì í sínú ọ̀rá méjì, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀.

Ibà Lassa lè fara pamọ́ sára tó ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn téèyàn bá kó o. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá eku tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ pàdé, tí oògùn ibà tá a mọ̀ ò sì ràn án, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé yín.