Èépá àti Ìpáàrà: Ìyàtọ̀ wọn nínú Ìtọ́jú Ọ̀pá Apààrọ̀-Ooru

Apààrọ̀-ooru ni ẹ̀rọ tí ó ń gbé ooru láti inú ohun tí ó gbóná lọ sínú ohun tí ó tutù, láìjẹ́ kí àwọn méjèèjì dàpọ̀. Ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985 ní etí ọ̀sà Èkó, omi ọ̀sà ni a fi ń mú èéfín omi tí ó ti yí ẹ̀rọ tutù, títí yóò fi padà di omi. Omi ọ̀sà ń gba inú àwọn ọ̀pá oníhò kọjá. Èéfín omi ń kan ẹ̀yìn wọn.

Iyọ̀, ẹrẹ̀ àti ewédò wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ó lè ṣe sí ọ̀pá, ó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Èkíní ni èépá: ohun líle tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, gẹ́gẹ́ bí ohun funfun tí a ń rí nínú kẹ́tùlù. Bàbà ń gbé ooru kọjá ju èépá bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 100. Nítorí náà, bí èépá tilẹ̀ fẹ́lẹ́, gáàsì tí a ó sun fún ìwọ̀n iná kan náà yóò pọ̀ sí i, owó yóò sì gòkè.

Èkejì ni ìpáàrà: jíjẹ tí omi àti ọ́síjìn ń jẹ irin, bàbà tàbí idẹ. Ìdógùn-ún jẹ́ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti irin nìkan ni.

Èépá a máa fa ìpáàrà. Ọ́síjìn kì í pọ̀ lábẹ́ èépá bí ó ti pọ̀ níta. Àìdọ́gba yìí ni ó ń mú kí ìpáàrà gbẹ́ ihò síbẹ̀. Bí ihò náà bá lu ọ̀pá já, omi oníyọ̀ yóò wọ inú omi mímọ́ tí ń padà lọ sí àgbá tí a ti ń se omi, yóò sì máa ba àgbá náà jẹ́.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà rírọ̀ tí ó tóbi díẹ̀ ju ihò ọ̀pá lọ lè bá omi kọjá, kí ó máa nu ẹrẹ̀ àti ewédò kúrò láìdá iṣẹ́ dúró. Èépá líle lè gba ásíìdì, gẹ́gẹ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń yọ́ èépá kẹ́tùlù. Ṣùgbọ́n ásíìdì a máa jẹ ọ̀pá pẹ̀lú, àfi bí a bá po oògùn adènà-ìpáàrà mọ́ ọn, tí a sì fi omi ṣan ọ̀pá náà dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ìwé bá wá pe ìpáàrà ní èépá, òṣìṣẹ́ tí ó kà á lè da ásíìdì sínú ọ̀pá tí ìpáàrà ti jẹ fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Èépá ni à ń fọ̀ kúrò. Ìpáàrà ni à ń dènà.