Ẹ̀KÚNWỌ́ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N: Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀TÙ FÚN ÀWỌN ỌDẸ ẸRAN ŃLÁ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tù àti ìbọn rí. Ẹ̀tù tí ó pọ̀ jù a máa ṣe ọdẹ léṣe. Èyí tí agbára rẹ̀ kò tó a sì máa fi ọdẹ lé ẹranko lọ́wọ́. Ìtàn méjì ni ó fi èyí hàn.

Ní ọdún 1871, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Selous, ẹni ọdún 19, gúnlẹ̀ sí ìhà gúúsù Áfíríkà láti máa ṣọdẹ erin. Ìbọn tí a ń kì láti ẹnu ni ó kọ́kọ́ lò, ihò rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọta òjé rẹ̀ mẹ́rin péré fi tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Inú àpò awọ ni ẹ̀tù rẹ̀ wà, ọwọ́ lásán ni a sì fi ń bù ú. Ní ọjọ́ kan, níwájú erin, ìbọn náà kọ̀, kò dún. Nígbà tí ó tún yìn ín, ó dún. Ṣùgbọ́n a ti kì í lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn náà gbé Selous kúrò nílẹ̀, ó yí i padà lójú òfuurufú, ó sì da ojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú iyanrìn. Ìbọn fò kọjá lórí èjìká rẹ̀. Ìdí ìbọn náà, tí a ti fi awọ etí erin dì yíká, fọ́ túútúú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bò ó, kò sì lè gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè. Òun tìkára rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tí a tẹ̀ ní ọdún 1881. Erin kò fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀tù ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tù tí kò ní èéfín dé. Ní ọdún 1898, ilé iṣẹ́ Rigby ní Lọ́ńdọ̀nù mú .450 Nitro Express jáde, tí ọta rẹ̀ wọn 480 gíréènì. (7,000 gíréènì ni pọ́n-ùn kan.) Ọdẹ kò bu ẹ̀tù mọ́, ilé iṣẹ́ ni ó ń wọ̀n ọ́n fún un, tí ó sì ń dì í sínú kàtíríìjì idẹ, pẹ̀lú ọta ní ẹnu rẹ̀ àti ìṣáná kékeré ní ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ ewu kò tán. Ní ọdún 1956, ilé iṣẹ́ Winchester ní Amẹ́ríkà mú kàtíríìjì .458 jáde, tí ọta rẹ̀ wọn 500 gíréènì. Kàtíríìjì náà kúrú, nítorí náà a ní láti fún ẹ̀tù mọ́ inú rẹ̀ pinpin. Nínú àwọn kan ẹ̀tù dì pọ̀, kò jó tán, ọta sì jáde láìlágbára. Ní ọdún 1959, ẹfọ̀n kan ní Mòsáḿbíìkì ṣe Jack Lott, ọdẹ ará Amẹ́ríkà, léṣe lẹ́yìn tí ó ti yin irú ọta yìí fún un. Nígbà tí ó ṣe, Lott ṣe kàtíríìjì tirẹ̀, tí ó gùn tó ínǹṣì 2.8 dípò 2.5, kí ẹ̀tù lè rí àyè. Ìtẹ́ ni ó kéré jù fún eku.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ilé iṣẹ́ Kynoch dẹ́kun ṣíṣe ọta àwọn ìbọn ńlá àtijọ́. Láti ìgbà náà, ní àwọn ilẹ̀ tí òfin bá gbà á, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ a máa fi ọwọ́ ara wọn di kàtíríìjì. Wọn a fọ idẹ tí a ti yìn, wọn a fi irinṣẹ́ dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀, wọn a fi ìṣáná tuntun sí i, wọn a wọn ẹ̀tù, wọn a sì fi ọta dé e. Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn a máa pa àwọn òfin wọ̀nyí mọ́:

Èkíní, irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì, nínú agolo rẹ̀ gan-an, nítorí pé ẹ̀tù púpọ̀ jọra lójú ṣùgbọ́n wọn kò jọra ní agbára.

Èkejì, òṣùwọ̀n ni kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú. Ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀tù náà ni a ń tẹ̀ lé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣáná bá tẹ́ pẹlẹbẹ, tàbí tí idẹ kọ̀ láti jáde, kí a dúró.

Ẹ̀kẹta, kí a fi fìtílà wo inú kàtíríìjì kọ̀ọ̀kan kí a tó fi ọta dé e. Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré jù pẹ̀lú léwu: ọta lè há sínú irin ìbọn, èyí tí ó bá tẹ̀ lé e a sì fọ́ ìbọn náà.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún ẹnu idẹ mọ́ ọta dáadáa, nítorí pé bí ìbọn ńlá bá ti ta sẹ́yìn, ọta àwọn kàtíríìjì tí ó kù nínú rẹ̀ lè wọlé sí i, agbára tí ó há sínú yóò sì pọ̀ jù.

Ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti ìlera. Májèlé ni òjé. A máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án má ṣe jẹun tàbí mu tábà níbẹ̀, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì lé ọmọdé jìnnà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọdẹ tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ṣì ń lo ṣakabùlà. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó ń wọn ẹ̀tù fún wọn. Ọdẹ ni ó ń kì í lójoojúmọ́. Kí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ní ìwo kékeré kan tí yóò máa fi wọn ẹ̀tù, kí ó má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú. Kí ó sì fi ọ̀bẹ sàmì méjì sí ara ọ̀pá tí ó fi ń kì ìbọn: ọ̀kan fún ìbọn òfìfo, èkejì fún ìbọn tí a ti kì. Bí ó bá ti ọ̀pá náà bọ ẹnu ìbọn, àmì náà yóò sọ fún un bóyá ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, kò ní í kì í lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìbọn bá kọ̀, kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó sì mú sùúrù díẹ̀ kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò.