Kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣe àṣìṣe

 

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Àgbẹ̀ ni mí, kí ló kàn mí nínú kọ̀ǹpútà?" Nígbà tí ẹ bá ta òwú tàbí kajú, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò owó yín. Nígbà tí ọmọ yín bá ṣe ìdánwò, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ka máàkì rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin ni ẹ óò ru ẹrù rẹ̀.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè ṣe àṣìṣe ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Irin, waya àti iná ni. Ènìyàn ló ń jókòó kọ àṣẹ sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: mú iye kílò, fi owó kílò kan sọ ọ́ di púpọ̀, yọ gbèsè kúrò, tẹ èyí tó kù sórí ìwé. Àkójọ àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ètò. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní logiciel. Bí ẹ bá rán ọmọ yín lọ ra iyọ̀, tó bá ilé oníyọ̀ ní títì, yóò ronú, yóò lọ sí ilé kejì. Kọ̀ǹpútà kì í ronú bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ fún un ni yóò ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Bí àṣẹ kan bá wọ́, yóò ṣe é ní wíwọ́. Yóò ṣe é fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà tó mọ́ rekete. Lẹ́tà tó mọ́ yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ.

Àwọn tó ń kọ ètò ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú àṣìṣe yìí. Kòkòrò ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí wọ́n rí kòkòrò gidi. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà ńlá kan tí ń jẹ́ Mark II kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n tú u wò, wọ́n sì bá àfòpiná kan tó há sínú rẹ̀. Wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà àti àfòpiná náà ṣì wà nípamọ́ ní Washington títí di òní.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ òwú mọ kòkòrò ju àwọn ará Harvard lọ. Kòkòrò tó wọ inú èso òwú, ojú kì í tètè rí i láti ìta. Èso náà á tutù yọ̀yọ̀ lórí igi. Àfi ìgbà tí ẹ bá là á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ètò: ẹni tó bá fẹ́ rí kòkòrò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là á wò kí ó tó gbé e lọ sí ọjà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹbí sí. Àjọ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ JAMB. Òun ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ti ń ṣe é. Ní ọdún 2025, àwọn tó ṣe ìdánwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù karùn-ún, èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú wọn ni kò rí 200 gbà nínú 400. Ká sọ òtítọ́, kì í ṣe kòkòrò ló fa gbogbo ìyẹn, nítorí ní àwọn ọdún mìíràn pàápàá, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí 200 gbà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan mọ ọmọ wọn. Ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì, máàkì tí wọ́n fún un kò jọ tirẹ̀. Wọ́n pariwo. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ náà, pé orí fóònù ni wọ́n ń sùn.

Àjọ náà padà lọ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, olórí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde sí iwájú àwọn oníròyìn. Ó ní àṣìṣe wà. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ 379 997, ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti ìlà-oòrùn gúúsù, ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò náà ṣe.

Kí ni kòkòrò ọ̀hún? Ẹ wo ìbéèrè yìí. Mélòó ni 7 àti 5? A: 11. B: 12. D: 13. Kí àwọn ọmọ má baà wo iṣẹ́ ara wọn, kọ̀ǹpútà a máa da ìdáhùn rú. Lójú ọmọ kan, 12 wà ní B. Lójú ẹnì kejì, 12 wà ní A. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó ń ka máàkì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe dà á rú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń wá B lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọmọ tó mú A, tó sì gbà á, òfo ni yóò rí.

Ní ọdún yẹn ni JAMB yí ọ̀nà tó ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn rú padà. Wọ́n kọ àtúnṣe sí ètò náà kí ó lè bá ọ̀nà tuntun mu. Wọ́n gbé àtúnṣe náà sórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń bójú tó apá kan orílẹ̀-èdè. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún kò gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí èsì tó jáde.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kì í ṣe pé wọn kò mọ àtúnṣe. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀. Kò dé ibi gbogbo ni. Bí wọ́n bá ti fi ẹnì kan ṣoṣo jókòó ní ibùdó kan ní Èkó, ẹni tó ti mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè, kí ó dáhùn wọn ní pípé, tí máàkì rẹ̀ kò sì pé, àṣírí ì bá ti tú. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré. Nítorí pé kò sí ẹni tó ṣe é, ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún tún padà sídìí ìwé.

Síbẹ̀, àwọn yẹn jẹ́wọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ọdún 1999 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, èyí tí a ń pè ní pọ́ọ̀sì, ti gbé ètò kan tí ń jẹ́ Horizon sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Fujitsu ló ń bójú tó ètò náà. Ní alẹ́, olùtọ́jú pọ́ọ̀sì á ka owó inú àpótí, á wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Kọ̀ǹpútà á ní owó kò pé. Wọ́n á ní kí ó san án láti inú àpò rẹ̀. Àwọn kan san owó títí wọ́n fi pàdánù ilé àti ìṣòwò wọn. Láti 1999 di 2015, àwọn olùtọ́jú tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè tàbí èrú lé ní 900. Wọ́n fi àwọn kan sẹ́wọ̀n. Obìnrin kan wà lára wọn, Seema Misra, tó wà nínú oyún nígbà tí wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 2010. Òfin ibẹ̀ ní kí adájọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, àfi bí ẹnìkan bá fi ìdí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni olùtọ́jú pọ́ọ̀sì ní abúlé ṣe fẹ́ rí inú ètò tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀?

Olùtọ́jú kan, Alan Bates, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n pé 555. Wọ́n pe pọ́ọ̀sì lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ pé kòkòrò wà nínú Horizon lóòótọ́, pé ó lè mú kí owó dà bí ẹni pé kò pé. Ní ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà rẹ́. Àwọn kan ti kú kí ó tó di ìgbà náà. Mo rò pé ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kòkòrò. Gbogbo ètò ló ní kòkòrò. Ẹni tó ni ètò tó ń sọ pé tòun kò ní, òun ló burú.

Báwo ni a ṣe ń wá kòkòrò kí á tó pín ètò? Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ètò fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, irú èyí tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ó fẹ́ pín in fún ogún abúlé. Kí ó kọ́kọ́ mú ìṣírò tí òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Òwú kílò 200, kílò kan ní 300 fránkì: 60 000. Gbèsè ajílẹ̀, 18 000. Ó ku 42 000. Kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú ètò. Bí 42 000 kò bá jáde, kí ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Kòkòrò kì í gbé àárín títì. Etí igbó ló ń gbé. Kí ó wo àgbẹ̀ tí kò jẹ gbèsè rárá. Kí ó wo àgbẹ̀ tí gbèsè rẹ̀ ju owó òwú rẹ̀ lọ: 60 000 ni owó rẹ̀, 75 000 ni gbèsè. Ó jẹ ẹgbẹ́ ní 15 000. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ètò kò bá rò ó tẹ́lẹ̀, àmì ìyọkúrò lè sọnù lórí ìwé, kí ẹgbẹ́ sì ka 15 000 fún onígbèsè. Kí ó wo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní ilé àwọn Bàrìbá, àkọ́bí ọkùnrin ni Woru, èkejì ni Sabi, ẹ̀kẹta ni Bio. Sabi Woru lè pé mẹ́rin ní abúlé kan. Nílé àwa Yorùbá, Táíwò àti Kẹ́hìndé kò níye. Ṣé ètò náà kò ní da owó wọn pọ̀? Kí ó tẹ orúkọ tó ní àmì lórí àti lábẹ́, bí Ọláṣẹ́ni, kí ó wò ó bóyá àmì ìbéèrè ni yóò jáde dípò ọ àti ṣ. Kí ó yọ iná nígbà tí ètò ń kọ nǹkan lọ́wọ́, kí ó tún tàn án, kí ó wo ohun tó kù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá dán ìyẹn wò kò tíì dán nǹkan kan wò.

Àmì kékeré kan tún wà tó kan àwa ará Benin. Bí a ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Faransé, 12,5 ni kílò méjìlá àti ààbọ̀. Ní Nàìjíríà, 12.5 ni wọ́n ń kọ. Àmì tiwa yẹn, wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ni. Bí ètò tí wọ́n kọ ní Èkó bá dé Parakou láìdán an wò níbí, ó lè fo àmì náà, kí kílò 12,5 di 125. Inú àgbẹ̀ náà á dùn fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á wá gba owó wọn.

Ẹni tó kọ ètò kọ́ ni kí ó dá àyẹ̀wò yìí ṣe. Ó mọ ọ̀nà tó tọ́, ọ̀nà náà ni yóò sì máa gbà. Kí ó gbé e fún akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò mọ ọ̀nà, kí ó jókòó tì í, kí ó pa ẹnu mọ́. Àwọn onímọ̀ pín àyẹ̀wò sí méjì. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín ara wọn, álífà ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n gbé fún ènìyàn díẹ̀ níta, kí ètò tó dé ọwọ́ gbogbo ayé, bẹ́tà ni. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé àwọn Gíríkì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ a, b, d, ẹ rí i pé wọn kò tíì kọjá ibẹ̀.

Bí wọ́n bá rí kòkòrò kan tí wọ́n pa á, kí wọ́n tún gbogbo àyẹ̀wò àtẹ̀yìnwá ṣe, nítorí ẹni tó ń di ihò òrùlé lápá ọ̀tún lè fẹsẹ̀ lu òmíràn lápá òsì. Kí wọ́n fún ètò tí wọ́n tún ṣe ní nọ́ńbà tuntun: ẹ̀dà 1, ẹ̀dà 2. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan nínú ogún náà, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ti Èkó ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́. Bí ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ fún yín kò bá tọ́, ẹ má kàn sọ fún akọ̀wé pé, "Kọ̀ǹpútà yín ti bàjẹ́." Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe kò lè fi ìyẹn wá nǹkan kan. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà, ohun tí ẹ kó wá, ohun tí ó yẹ kó jáde àti ohun tó jáde gan-an. Báyìí ni ó ṣe lè rí:

"Ọjọ́ 12 oṣù kejì. Mo kó òwú kílò 62,5 wá. Kílò kan jẹ́ 300 fránkì. Ó yẹ kí n gba 18 750. Kọ̀ǹpútà kọ 18 600. Ẹ̀dà 2 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé."

Kílò 62 ni kọ̀ǹpútà yẹn kà. Ó ju ààbọ̀ kílò nù. Ẹni tó kọ ètò á mọ ibi tí yóò wò ní kété tó bá ka ìwé náà. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fún akọ̀wé ní ọ̀kan, ẹ fi èkejì pamọ́ sílé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ìwọ̀n yín.